Ìkóóde Kan Ṣoṣo: Bí Òfin Ìjọba Ṣe Wọ Inú Àgò Odídẹrẹ́

Ìyẹ́ pupa kan, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí kò sì wúwo tó ewé gbígbẹ, ni wọ́n máa ń fi sí iwájú orí ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ìyàwó òrìṣà. Ìkóóde ni. Ara ìrù odídẹrẹ́ ni ó ti wá. Gbogbo ara ẹyẹ náà ló dà bí eérú, ìrù rẹ̀ nìkan ni ó pọ́n bí ẹni pé a kì í bọ inú osùn. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Ọ̀yọ́, ní Ìwó tí à ń kì ní ilé odídẹrẹ́, títí dé Bàhíà àti Havana, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ni kò ka ètò yìí sí pípé bí ìyẹ́ yìí kò bá sí níbẹ̀.

Bí ẹni tí ó ni orí náà bá fi ìyẹ́ rẹ̀ sínú àpò, tí ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Kútọnu lọ sí Paris, ohun tí ó gbé dání wà ní ipò kan náà pẹ̀lú eyín erin àti awọ ẹkùn lójú òfin àgbáyé. Àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ń bínú, wọ́n ń sọ pé òyìnbó tún ti gbé òfin kan dé láti fi dí wa lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, nítorí pé ìtàn náà kò rí bí àwọn tí ń bínú ti rò, kò sì rí bí àwọn tí ó ṣe òfin náà ti ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ, sin odídẹrẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ẹyẹ náà dé ilé. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìyá wa àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, ẹyẹ náà sì ṣì ń fi ohùn ìyá náà pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá jẹun. Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ olóògbé a sì dákẹ́. Nígbà tí ẹyẹ náà bá pa ìyẹ́ dà, Bàbá Ẹlẹ́yẹ a ṣa àwọn tí ó pupa nínú wọn, a wé wọn sínú aṣọ funfun, àwọn olórìṣà a sì wá tọrọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìwé kankan lórí ẹyẹ náà, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ìwé. Mo sọ èyí kí ẹ̀yin òǹkàwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Odídẹrẹ́ ti wà nínú òfin Yorùbá kí òfin kankan tó wà fún odídẹrẹ́. Ní ọdún 1793, Archibald Dalzel, tí ó ti ṣe olórí ilé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah rí, tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìtàn ilẹ̀ Dahomey. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ ohun tí ó gbọ́ nípa Ọ̀yọ́: bí ìjọba ọba bá sú àwọn ará ìlú, wọn a rán àwọn ìjòyè sí i pẹ̀lú ẹyin odídẹrẹ́, wọn a sì sọ fún un pé iṣẹ́ ìlú ti mú un rẹ̀ púpọ̀, ó tó àkókò kí ó lọ sùn díẹ̀. Ọba a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a wọ ilé lọ, a sì pàṣẹ fún àwọn ayaba kí wọ́n fún òun lọ́rùn pa. Dalzel sọ pé ní ọdún 1774 wọ́n gbé ẹyin náà tọ ọba kan lọ, ọba náà sì kọ̀. Ó ní oorun kò kun òun, òun ṣì fẹ́ ṣọ́nà fún àwọn ènìyàn òun. Àwọn onítàn gbà pé Aláàfin Abíọ́dún ni ọba náà, àti pé ọwọ́ Baṣọ̀run Gáà ni ẹyin ti wá. Àwọn ìtàn mìíràn sọ pé igbá òfìfo ni wọ́n máa ń gbé wá. Bí ó ti wù kí ó rí, orí igi gíga, nínú ihò tí ojú kò rí, ni odídẹrẹ́ ń yé sí. Ẹni tí ó bá rí ẹyin rẹ̀ mú wá ti fi hàn pé ọwọ́ òun tó ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò tó.

Ní àkókò yẹn, ẹyẹ náà ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù pẹ́. Ní ilé ìjọsìn Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, odídẹrẹ́ eérú kan wà tí wọ́n kì ní òkú, tí ó jẹ́ ti Frances Stuart, ìyàwó ìjòyè Richmond. Wọ́n ní ẹyẹ náà bá a gbé fún nǹkan bí 40 ọdún, àti pé nígbà tí obìnrin náà kú ní ọdún 1702, ọjọ́ díẹ̀ ni ẹyẹ náà lò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Faransé pe odídẹrẹ́ ní ẹyẹ Gabon, nítorí pé etíkun yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, òfin kò bèèrè ohunkóhun.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Napoléon ṣe ní ọdún 1810 mọ ẹran, ṣùgbọ́n bí ó ti mọ àga àti àpótí ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fi májèlé pa ẹṣin ẹlòmíràn, tàbí màlúù rẹ̀, tàbí àgùntàn rẹ̀, jẹ̀bi. Kì í ṣe nítorí pé ẹran jìyà, bí kò ṣe nítorí pé olówó rẹ̀ pàdánù. Ìwé òfin yẹn ni àwọn Faransé gbé dé àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Àwọn amòfin wa ń pè é ní Code Bouvenet, a sì lò ó ní Bẹ̀nẹ̀ títí ìwé òfin tuntun fi jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Napoléon pẹ́ lẹ́nu wa ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìyípadà àkọ́kọ́ dé ní Faransé fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1850. Ọ̀gágun kan tí ó jẹ́ aṣòfin, Jacques Delmas de Grammont, ni ó gbé òfin náà wá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹni tí ó bá fi ìyà àìyẹ jẹ ẹran ọ̀sìn ní gbangba yóò san owó ìtanràn láti fránkì 5 dé 15, wọ́n sì lè tì í mọ́lé láti ọjọ́ 1 dé 5. Ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni ẹṣin tí ń fa ẹrù, tí olówó rẹ̀ ń nà án ní ìgboro lójú ọmọdé àti àgbà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo òfin náà dúró lé ni “ní gbangba”. Ẹni tí ó bá na ẹṣin rẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, òfin Grammont kò kàn án. Lójú tèmi, àwọn tí ń wo ni òfin náà dáàbò bò ju ẹran lọ: àwọn aṣòfin gbà pé ẹni tí ó bá ń wo ìkà lójoojúmọ́ yóò kọ́ ìkà. Odídẹrẹ́ tí a há mọ́ inú yàrá, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, kò sí ní gbangba. Ó sì ṣòro láti pe ẹyẹ tí wọ́n mú nínú igbó Áfríkà ní ẹran ọ̀sìn.

Ó gba 109 ọdún kí wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ “ní gbangba” kúrò. Àṣẹ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, tí wọ́n fi orúkọ mínísítà ìdájọ́ ìgbà náà, Edmond Michelet, pè, sọ pé fífi ìyà jẹ ẹran láìnídìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ì báà jẹ́ ní gbangba, ì báà jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ó sì fi oríṣi ẹran méjì kún ẹran ọ̀sìn: èyí tí a ti tù lójú, àti èyí tí a há mọ́. Ibẹ̀ ni ojú òfin ti kọ́kọ́ wọ inú àgò. Ní ọdún 1963 wọ́n mú ìwà ìkà sí ẹran le sí i. Lẹ́yìn náà ni òfin ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1976 dé, tí ó sọ pé ẹran jẹ́ ẹ̀dá tí ń mọ̀ ọ́n lára, àti pé ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ fi í sí ibi tí ó bá ìṣẹ̀dá irú rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa nítorí odídẹrẹ́. Ẹyẹ tí ń gbé nínú agbo ńlá ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a jùmọ̀ sùn sórí igi kan. Tọkọtaya wọn kì í sábà fi ara wọn sílẹ̀. Bí a bá dá a há mọ́ inú àgò tí kò lè na apá, ọ̀pọ̀ nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara wọn tu ìyẹ́ ara wọn títí àyà yóò fi hòòhò. Àwọn tí ń sin ín mọ àrùn yìí dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan ní ìsọ̀ ní ọdún 1977 bí ẹní ra ata, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì fi 30 ọdún kọ́ ọ ní àwọ̀ àti iye àti orúkọ nǹkan. Ó lé ní 100 ọ̀rọ̀ tí Alex mọ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2007. Ẹ̀dá tí ó lè sọ iye kọ́kọ́rọ́ tí ó wà nínú àwo, àgò wo ni ó bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ mu? Òfin ọdún 1976 kò dáhùn. Kò sì béèrè ibi tí ẹyẹ náà ti wá, àti iye tí ó kú lọ́nà kí ọ̀kan tó dé inú ìsọ̀.

Òfin mìíràn ni ó yẹ kí ó béèrè ìyẹn, ọ̀nà mìíràn ni ó sì gbà wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1900, àwọn ìjọba Yúróòpù tí wọ́n ti pín Áfríkà láàrin ara wọn fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹranko ìgbẹ́ wa. Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìrònú rẹ̀ kò parẹ́. Wọ́n pín àwọn ẹranko sí ọ̀wọ́: igún àti òwìwí yóò wà láàyè nítorí ìwúlò wọn, kìnnìún, ẹkùn àti erè, kí wọ́n dín iye wọn kù. Ìbọn ọdẹ àti eyín erin ni ó gba ọkàn àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Àdéhùn mìíràn tẹ̀ lé e ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933, lẹ́yìn náà ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà fúnra wọn ní Algiers ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968. Tógò ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹranko àti iṣẹ́ ọdẹ ní oṣù Kìíní ọdún kan náà. Bẹ̀nẹ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1987.

Èyí tí ó wọ inú ọjà gan-an ni àdéhùn tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní Washington ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1973, tí gbogbo ayé ń pè ní CITES. Tógò wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1979, Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1984. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti bèèrè bóyá ẹran ń jìyà. Iye ni ó ń kà. Ó ní ìwé àfikún mẹ́ta: ohun tí ó wà nínú Àfikún Kìíní, a kò gbọ́dọ̀ fi èyí tí a mú nínú igbó ṣòwò, ohun tí ó wà nínú Àfikún Kejì, a lè tà á bí ìwé bá wà, bí àwọn onímọ̀ bá sì jẹ́rìí pé títà náà kò ní pa irú rẹ̀ run. Ní ọdún 1981 odídẹrẹ́ bọ́ sínú Àfikún Kejì pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀ àfi ìba díẹ̀.

Ìwé náà wà nítòótọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìwé náà ni ó burú. Láti ọdún 1975, ó lé ní 1,300,000 odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó tí ìwé ìjọba fi hàn pé ó jáde kúrò ní Áfríkà. Àtè ni wọ́n fi ń mú wọn, àti àwọ̀n. Wọn a so ẹyẹ kan mọ́ orí igi kí ó máa ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì wá bá a, nítorí pé odídẹrẹ́ kì í gbọ́ igbe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó kọjá lọ. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé òwò náà ṣírò pé láàrin 30 àti 66 nínú 100 tí wọ́n bá mú ni ó ń kú kí wọ́n tó gbé wọn jáde. Àwọn òkú yìí kò sí nínú 1,300,000 tí mo sọ.

Àwọn tí ń rà ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992 tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó. Yúróòpù ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àánú ẹyẹ: àrùn adìẹ tí ń ran ènìyàn ni ó dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007 ni wọ́n sọ ọ́ di títì pátápátá. Mo máa ń rò ó pé ikọ́ adìẹ ṣe fún odídẹrẹ́ ní ọdún méjì ohun tí ìwé CITES kò ṣe ní 25. Ọjà náà kò parí síbẹ̀. Ó yí ojú sí ibòmíràn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà sí igbó Ghana, wọ́n kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé láti ọdún 1992, láàrin 90 àti 99 nínú 100 odídẹrẹ́ ibẹ̀ ni ó ti lọ. Ibi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ti ń sùn sórí igi kan rí, wọ́n dúró ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò rí nǹkan kan.

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè CITES pàdé ní Johannesburg. Àwọn tí ó gbé àbá náà wá pé kí odídẹrẹ́ kúrò nínú Àfikún Kejì bọ́ sí Kìíní kì í ṣe òyìnbó nìkan. Gabon wà níbẹ̀, Angola, Chad, Guinea àti Senegal pẹ̀lú. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Tógò wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé òyìnbó ni ó fi òfin yìí dè wá ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Congo-Kinshasa, tí ń tà jù lọ nínú àwọn tí ẹyẹ náà ṣì kù fún, ta kò ó. Nígbà tí wọ́n dìbò, 95 gbà, 35 kọ̀. Àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2017.

Láti ìgbà náà, odídẹrẹ́ tí a lè fi ṣòwò kọjá bodè ni èyí tí wọ́n pa nínú àgò, lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé CITES. Ní Faransé, odídẹrẹ́ inú ilé gbọ́dọ̀ ní àmì ìdánimọ̀: òrùka tí kò ní ojú ìsopọ̀, tí a fi sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ, tí kò sì ṣeé bọ́ mọ́ nígbà tí ó bá dàgbà, tàbí ẹ̀rọ tín-ín-rín kan lábẹ́ awọ rẹ̀. Orúkọ olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kejì ọdún 2015 ìwé òfin ará ìlú wọn ti kọ ọ́ pé ẹran jẹ́ ẹ̀dá alààyè tí ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e ni pé, yàtọ̀ sí ohun tí àwọn òfin ààbò bá sọ, òfin ohun ìní ni yóò máa darí rẹ̀. Napoléon kò tíì lọ tán. Òfin oṣù Kọkànlá ọdún 2021 lọ jìnnà sí i: kò sí títa ajá àti ológbò nínú ìsọ̀ ẹran mọ́ láti ọdún 2024, àwọn oníṣeré alárìnkiri kò sì ní lè lo ẹranko ìgbẹ́ mọ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2028.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, òfin oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni ó ń darí ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ti oṣù Keje ọdún 2021 sì wá láti mú àṣẹ CITES ṣẹ. Tógò ní ìwé òfin igbó ti ọdún 2008. Àwọn òfin wọ̀nyí dára lórí ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ó wo òjòlá kékeré tí wọ́n ń bọ ní Ouidah. Ejò yẹn wà nínú Àfikún Kejì. Láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ́dọọdún, kí wọ́n lè sin wọ́n nínú àpótí dígí. Ìwé wọn pé. Ohun tí ìwé ṣe fún odídẹrẹ́ láàrin ọdún 1981 sí 2016 ni mo ń rántí nígbàkúgbà tí mo bá rí àpótí ejò ní pápákọ̀ òfuurufú.

Mo padà sí orí ìyẹ́ náà. Àdéhùn CITES kò dá ẹyẹ odindi yà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà ara rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá lè mọ̀ pé ara odídẹrẹ́ ni ó ti wá, odídẹrẹ́ ni. Ààyè kékeré wà fún ẹrù ara ẹni, ṣùgbọ́n fún Àfikún Kìíní, ààyè náà kò bo ohun tí ènìyàn rà nígbà tí ó kúrò ní ilẹ̀ tí ó ń gbé, tí ó sì ń gbé e padà sílé. Ọmọ wa tí ń gbé ní Lyon, tí ó wá sí Kétu fún ètò òrìṣà ìdílé rẹ̀, inú èyí gan-an ni ó bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Brazil tí ilé wọn ń jẹ́ Kétu títí di òní. Mestre Didi ti Bàhíà kọ ìwé kan ní ọdún 1966 lórí ìdí tí Òrìṣàńlá fi ń lo ìkóóde. Ní ọdún kejì ó wá sí Kétu fúnra rẹ̀, ó sì rí ìdílé Aṣípa tí ó ti ṣẹ̀ wá. Lónìí, ẹni tí ó bá rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ yóò nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba méjì kí ó tó lè mú ìyẹ́ kan padà.

N kò sọ pé kí a wó òfin náà. Bí kò bá sí i, ìkóóde fúnra rẹ̀ yóò di ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò nínú àwòrán. Ẹ jẹ́ kí a sì sọ òótọ́, nítorí pé ẹyẹ náà ni à ń pè ní ayékòótọ́: kì í ṣe gbogbo ìyẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn olórìṣà ni ó já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ìdì ìkóóde 50 lọ́wọ́ oníṣòwò kan kò yẹ kí ó bèèrè iye rẹ̀ kí ó tó bèèrè ibi tí àwọn ẹyẹ náà wà. Àwọn àgbà wa tí ń rà láìbèèrè ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo sọ ni pé òfin lè ní ojú fún ìyẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1940 dáàbò bo idì olórí funfun. Ní ọdún 1962 wọ́n fi idì aláwọ̀ wúrà kún un, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ń lo ìyẹ́ idì nínú ẹ̀sìn wọn. Ìjọba ní ilé kan ní Colorado níbi tí wọ́n ń kó òkú idì àti ìyẹ́ rẹ̀ jọ sí láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ ẹ̀yà tí ìjọba mọ̀ a kọ̀wé béèrè, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí i láìgba owó. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó kàn án, ṣùgbọ́n kò sí idì tí a pa nítorí rẹ̀, kò sì sí àgbà tí a pè ní olè. Odídẹrẹ́ olórùka pọ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti ní Gúúsù Áfríkà. Gbogbo wọn ni ó ń pa ìyẹ́ dà, ilẹ̀ àgò ni àwọn ìyẹ́ náà ń já bọ́ sí, ìgbálẹ̀ ni ó sì ń gbá wọn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ àṣà wa, tí ó fi mọ́ tiwa yìí, kò tíì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn tí ń mójú tó CITES ní Kútọnu àti ní Lomé láti bèèrè bóyá a lè rí ọ̀nà kan gbà. A ti ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́tà ni ó kù.

Odídẹrẹ́ Bàbá Ẹlẹ́yẹ kú lẹ́yìn olówó rẹ̀. Aṣọ funfun náà kàn mí nígbà tí a pín ẹrù: ìyẹ́ mẹ́ta ni ó kù nínú rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpótí ní Àjàṣẹ́ nígbà tí mò ń padà sí Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ìsinsìnyí.